Bọ̀dá Ọmọ Ọdún Mẹ́rin

Jẹ́lé-ó-sinmi méjì ni ìjọba kọ́ fún wa nílùú yìí, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, wọ́n sì ní kí kálukú yan èyí tó bá wù ú. Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ìlú tí ò ní ju títì kan ṣoṣo lọ, tí títì ọ̀hún gan-an ń wá ẹni tó máa dí ihò ara ẹ̀, àwa náà ti dẹni tó ń yan ilé-ìwé bí ẹni ń yan bàtà.

Lọ́dọọdún, wọ́n á rán ọ̀gá kan wá láti ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́. Ọ̀gá Fáìlì là ń pè é, torí kò sẹ́ni tó rí i rí láìsí fáìlì lábẹ́ abíyá ẹ̀. Á wọ kíláàsì àwọn ọmọ ọdún mẹ́rin, á bi wọ́n ní ìbéèrè, á fún ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan ní máàkì. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n á lẹ èsì mọ́ ilẹ̀kùn káńsù. Ti Òkè á ṣe ipò kìíní, ti Ìsàlẹ̀ á ṣe ipò kejì. Nínú méjì o! Síbẹ̀, àwọn òbí á tò síwájú ilẹ̀kùn yẹn, wọ́n á máa fi ìka tọ orúkọ méjèèjì bíi pé ọgọ́rùn-ún ni wọ́n, wọ́n á wá máa mi orí fún ẹni tó gbẹ̀yìn.

Aránṣọ ni mí. Ṣọ́ọ̀bù mi wà láàárín òkè àti ìsàlẹ̀, èmi ni mo sì ń rán yunifọ́ọ̀mù fún ilé-ìwé méjèèjì. Kò sọ́mọ tó wọ jẹ́lé-ó-sinmi nílùú yìí tí téèpù mi ò yí àyà ẹ̀ ká rí. Ẹnu mi kì í sì í sinmi, gbogbo ayé ló mọ̀. Ìgbà kan ṣoṣo tí mo máa ń dákẹ́ ni ìgbà tí mo bá fi eyín há píìnì, tí mo ń ṣẹ́tí aṣọ. Oníbàárà mi kan tiẹ̀ sọ lójú mi pé kí Ọlọ́run bùkún ẹni tó ṣe píìnì.

Ọmọ ọmọ mi ọkùnrin ló ń gbé lọ́dọ̀ mi. Ọkọ mi ni mo máa ń pè é, bí ìyá àgbà ti ń pe ọmọ ọmọ. Ọmọ mi obìnrin ló bí i, ó gbé e fún mi nígbà tó pé ọmọ ọdún méjì, ó wáṣẹ́ lọ. Láti ọjọ́ yẹn ni ọmọ náà ò ti bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ níta mọ́. Nínú ilé, ó ń sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀. Tó bá ti lè fẹsẹ̀ kan ìta báyìí, ó parí: ẹnu á pa dé, ojú á wolẹ̀. Ẹ pè é, ẹ bẹ̀ ẹ́, ẹ fún un ní súìtì, ẹ̀ ń fún ara yín níṣẹ́ ṣe ni.

Mo kọ́kọ́ mú un lọ sí ti Òkè. Ó ṣe tán, ipò kìíní ni wọ́n, èmi náà sì ní ojú, mo lè ka ilẹ̀kùn káńsù. Ọ̀gá ilé-ìwé náà ni Màdáámù Máàkì. Báírò pupa kì í kúrò létí ẹ̀. Tí ọmọ bá sín, máàkì ló máa kọ́kọ́ wò bóyá ó já. Ẹnu géètì ló ti máa ń dá ọmọ dúró: kí lorúkọ ẹ, ka ení dé ogún, àwọ̀ wo ni ojú ọ̀run? Èyí tó bá dáhùn wọlé. Èyí tí ò bá dáhùn, á ní kí ìyá ẹ̀ máa mú un lọ sílé, pé kò tí ì gbó. Ọkọ mi wo bàtà Màdáámù títí, kò sọ nǹkan kan. Màdáámù ní kò tí ì gbó. Mo bi í pé ṣé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni.

Ẹ bá mi rò ó wò. Ilé-ìwé tó jẹ́ pé kìkì ọmọ tó ti mọ̀ ọ́n ló ń gbà, á wá kọ́ ọ ní ohun tó ti mọ̀, á wá gba ipò kìíní. Bí dókítà bá ń gba kìkì ẹni tí ara ẹ̀ le, aláìsàn wo ló máa kú sí i lọ́wọ́?

Bí a ṣe dé Ìsàlẹ̀ nìyẹn. Òrùlé Ìsàlẹ̀ ń jò, bẹ́ǹṣì méjì nínú bẹ́ǹṣì wọn ní ẹsẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta. Àmọ́ Àǹtí Ìsàlẹ̀, ọ̀dọ́bìnrin kan báyìí tó ń kọ́ wọn, gba gbogbo ẹni tó bá dé ẹnu ọ̀nà ẹ̀: èyí tó ń ké, èyí tó ń tọ̀ sára, èyí tó ń gé èèyàn jẹ. Ó gba ọkọ mi, kò bi í ní nǹkan kan. Ó ní kí n bá òun wá bọ́tìnnì tí mi ò lò mọ́. Mo kó agolo kan fún un. Oṣù mẹ́fà gbáko ló fi jókòó ti ọmọ yìí lẹ́bàá ògiri, tí wọ́n jọ ń ṣa bọ́tìnnì, pupa sí apá kan, funfun sí apá kan, láìsọ̀rọ̀.

Lọ́jọ́ tí ọkọ mi pé ọmọ ọdún mẹ́rin, Àǹtí Ìsàlẹ̀ fún un ní bọ́tìnnì mẹ́rin, ó ní tìẹ nìyí, ó ti di tìẹ pátápátá. Ọmọ náà wò wọ́n, ó gbé ẹnu sí etí àǹtí ẹ̀, ó ní, "Mẹ́rin." Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àǹtí Ìsàlẹ̀ sáré wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní àkókò ìsinmi, ẹfun ló kún ọwọ́ ẹ̀, mímí ló ń mí. Ṣòkòtò oníṣòkòtò ni mo fi nu omi ojú mi lọ́jọ́ náà. Látìgbà yẹn, ojoojúmọ́ ló ń sọ nǹkan kan sí àǹtí ẹ̀ létí.

Ìgbà yẹn ni lẹ́tà dé. Ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ ní jẹ́lé-ó-sinmi tí máàkì ẹ̀ ò bá tó àádọ́ta lẹ́ẹ̀mẹta léraléra, àwọn máa tì í, kí àwọn ọmọ ibẹ̀ lọ yan èyí tó kù. Ìsàlẹ̀ sì ti já lẹ́ẹ̀mejì. Gbogbo ìlú ń ṣe hà-hín. Èmi ò rí ohun tó yà wọ́n lẹ́nu, ohun tí lẹ́tà yẹn ń sọ yé mi. Tí wọ́n bá ti Ìsàlẹ̀, géètì Màdáámù Máàkì ló kù. Ọkọ mi ò sì ní dáhùn ní géètì. Abẹ́ máṣíìnì mi ló máa jókòó sí títí á fi tó ọmọ ọdún mẹ́fà, gbogbo ọ̀rọ̀ tó ti ń já bọ̀ lẹ́nu ẹ̀ á sì tún padà sínú.

Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí Ọ̀gá Fáìlì dé ni Màdáámù Máàkì wọ ṣọ́ọ̀bù mi. Ó fẹ́ yunifọ́ọ̀mù tuntun méjìlá fún kíláàsì àwọn ọmọ ọdún mẹ́rin. Ó na ìwé ìwọ̀n sí mi. Mo wo ìwé, mo wo ojú ẹ̀. Mo ní ṣòkòtò yìí gùn o, kí làwọn ọmọ ọdún mẹ́rin wọ̀nyí ń jẹ? Ó ní ọmọ ayé òde òní ń jẹ ẹyin dáadáa. Mo ní adìyẹ ọ̀hún ń gbìyànjú. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní kí n wá wọn ara wọn fúnra mi tí ìwé ò bá dá mi lójú.

Mo gbé téèpù mi, mo lọ. Wọ́n tò síwájú mi, àwọn méjìlá. Ẹni àkọ́kọ́, eyín iwájú ẹ̀ méjì ti ká, èyí tuntun ti ń hù. Ẹni kejì, ọmọ onígbàjámọ̀ tí ṣọ́ọ̀bù wa jọ fara kanra, tó ti pé ọmọ ọdún méje, tó wà ní kíláàsì kejì ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó wà lẹ́yìn ọgbà. Òun náà ló máa ń fa ọwọ́ ọkọ mi sọdá títì láràárọ̀. Ó rí mi, ó ń wo ẹsẹ̀ ara ẹ̀. Mo wọn ẹni kẹta, mo wọn ẹni kẹrin. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹfà, ó ju eéje lọ: mélòó kan nínú wọn ò jìnnà sí ẹni tó máa fá irùngbọ̀n. Bẹ́ẹ̀ sì ni Màdáámù ṣe ń gba àádọ́rùn-ún lé lọ́dọọdún, tí à ń mi orí fún Ìsàlẹ̀.

Mo ní, "Màdáámù, àwọn wo nìyí?"

Ó ní wọ́n wá ṣe àtúnyẹ̀wò ni. Ó yọ báírò létí, ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ìyá aránṣọ, ẹ̀yin náà mọ̀ pé Ìsàlẹ̀ ò lè rù ú là lọ́dún yìí. Ẹ mú ọmọ yín wá. Màá gbà á, mi ò sì ní bi í ní nǹkan kan ní géètì. Ẹ ṣáà bá mi rán aṣọ yẹn, kí ẹ rán ẹnu yín mọ́ ọn."

Ẹ̀yin tí ẹ ti ń bá mi rẹ́rìn-ín bọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ ṣì máa rẹ́rìn-ín. Mo rán an. Èmi tí mo ń sọ gbogbo ohun tí mo bá rí, tí mo ti sọ fún alága káńsù lójú ara ẹ̀ pé ikùn ẹ̀ ti ju ìwọ̀n kóòtù ẹ̀ lọ, mo jókòó ti máṣíìnì, mo rán yunifọ́ọ̀mù méjìlá fún àwọn ọmọ tó ti ń ka ìwé ìròyìn. Mo tún rán ìkẹtàlá, kékeré bíńtín, fún ọkọ mi.

Ní ọjọ́ Ẹtì, mo lọ yọ ọ́ kúrò ní Ìsàlẹ̀. Mo ti to irọ́ tí mo fẹ́ pa sẹ́nu, mi ò rí i lò. Àǹtí Ìsàlẹ̀ ò bínú, kò bú mi. Ì bá bú mi, ara ì bá tù mí. Ó kúnlẹ̀, ó kó bọ́tìnnì mẹ́rin sápò ọmọ náà, ó wá gbójú sókè wò mí.

"Ó ti ń sọ̀rọ̀, mà," ó wí. "Ó ku díẹ̀."

Ní ọjọ́ Ajé, Ọ̀gá Fáìlì lọ sí Ìsàlẹ̀. Àwọn tó wà níbẹ̀ sọ fún mi pé ọmọ kan ké látìgbà tó wọlé títí tó fi jáde, òmíràn tọ̀ sí bàtà ọ̀gá náà, ọ̀kan sì bi í pé ta ló wà nínú ikùn ẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni wọ́n, wọ́n ṣe bí ọmọ ọdún mẹ́rin. Ó kọ ọ́ sílẹ̀.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó kan Òkè. Màdáámù ní kí n wà níbẹ̀ pẹ̀lú abẹ́rẹ́ àti òwú, nítorí ó ti ní kí n gé apá aṣọ kúrú kí àwọn ọmọ náà lè dà bí ọmọdé, kò sì dá a lójú pé aṣọ máa gbà wọ́n. Òótọ́ ni. Kí Ọ̀gá Fáìlì tó jókòó, abíyá aṣọ mẹ́ta ti ya. Ẹ̀yìn kíláàsì ni mo wà, mo fi píìnì mẹ́rin há ẹnu, mo ń dí abíyá aṣọ ọmọbìnrin kan tó ga tó èjìká mi. Ọkọ mi jókòó sí bẹ́ǹṣì iwájú mi, ọmọ onígbàjámọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Wọ́n ti pa ọmọ ọdún mẹ́rin gidi pọ̀ mọ́ ayédèrú, ọ̀kan sí ọ̀kan, bí oníṣòwò ti ń da ọkà tuntun pọ̀ mọ́ ti àná.

Ọ̀gá Fáìlì bi wọ́n ní àwọ̀, wọ́n dáhùn. Ó ní kí wọ́n ka ení dé ogún, wọ́n kà á dé ọgọ́rùn-ún, ọ̀kan sì ní òun lè kà á padà. Ó kọ gbólóhùn kan sí pátákó, ọmọbìnrin tí mo ń dí abíyá ẹ̀ kà á fún un, ó tún bá a tún àṣìṣe kan ṣe nínú ẹ̀. Ọ̀gá Fáìlì bọ́ awò ojú ẹ̀, ó nù ún, ó tún fi í sójú. Inú ẹ̀ dùn débi pé ó tọ́ka sí ọmọ onígbàjámọ̀, ó ní kó dìde. Ọmọ náà ń dìde, ó ń dìde. Ẹ̀rù bà mí pé orí ẹ̀ máa kan àjà.

Ọ̀gá Fáìlì ní, "Ọmọ dáadáa. Ọmọ ọdún mélòó ni ẹ́?"

"Ọmọ ọdún mẹ́rin ni mí, sà."

"Rárá."

Mi ò mọ ohùn náà. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì. Mi ò gbọ́ ọ níta rí, báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀ ọ́n? Ọkọ mi ló ti dìde dúró lórí bẹ́ǹṣì, ọwọ́ ẹ̀ wà nínú àpò, níbi tí bọ́tìnnì ẹ̀ wà.

"Èmi ni ọmọ ọdún mẹ́rin," ó wí, ó sì sọ ọ́ ketekete. "Bọ̀dá mi ni wọ́n."

Èmi ni mo kọ́ ọ. Láti ìgbà tó ti lè jókòó ni mo ti ń sọ fún un pé ẹni tó bá fi ọjọ́ kan ṣoṣo jù ọ́ lọ, bọ̀dá ẹ ni, o ò gbọdọ̀ gba ipò ẹ̀, òun náà ò sì gbọdọ̀ gba tìẹ. Gbogbo ilé ló ń kọ́ ọmọ bẹ́ẹ̀. Màdáámù Máàkì rántí eyín tó ká, ó rántí apá aṣọ, ó gbàgbé pé àwọn ọmọ yìí ti ilé wá. Ọmọbìnrin kékeré kan níwájú yí padà, ó ní bọ̀dá tòun náà ni. Òmíràn nawọ́ sí ọmọ tí mo ń dí aṣọ ẹ̀, ó ní àǹtí òun nìyẹn, àwọn ló máa ń di okùn bàtà òun. Òmíràn ní bọ̀dá òun nìyí, bọ̀dá òun nìyẹn, àti èyí tó wà lẹ́bàá fèrèsé. Kí a tó ṣẹ́jú, gbogbo ọmọ ọdún mẹ́rin inú kíláàsì ti ń júwe ẹ̀gbọ́n wọn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ fún àlejò. Àwọn bọ̀dá dojú bolẹ̀.

Ọ̀gá Fáìlì wo Màdáámù. Màdáámù ní ọmọdé fẹ́ràn eré. Ọ̀gá Fáìlì wá yíjú sí mi.

"Ìyá aránṣọ, ẹ̀yin lẹ wọn ara wọn. Ṣé òótọ́ lọmọ yìí ń sọ?"

Píìnì mẹ́rin ló wà lẹ́nu mi. Mo lè tu wọ́n sí ọwọ́, ìṣẹ́jú àáyá kan ni. Màdáámù ò wo ojú mi, àyè tí ọkọ mi jókòó sí ló ń fi báírò pupa ẹ̀ tọ́ka sí, jẹ́jẹ́, lábẹ́ tábìlì. Mo ro géètì yẹn. Mo ro abẹ́ máṣíìnì mi. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Mo wà lọ́jà. Mo tọ́ka sí ẹnu mi, mo mi orí bí ẹni pé mi ò lè sọ̀rọ̀, mo sì tẹrí ba padà sí abíyá ọmọ ọlọ́mọ. Ọkọ mi ṣì wà lórí bẹ́ǹṣì, ó ń wò mí.

Ọ̀gá Fáìlì ṣí fọ́ọ̀mù ẹ̀. Ó wo ojú ewé kìíní, ó wo ìkejì, ó yí i dẹ́yìn. Fọ́ọ̀mù béèrè bóyá ọmọ mọ àwọ̀, ó béèrè bóyá ọmọ lè kà. Kò síbi tó ti béèrè bóyá ọmọ náà jẹ́ ọmọ. Ó mí kanlẹ̀, ó kọ nǹkan kan, ó gba omi mu, ó lọ.

Èsì jáde lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Ìsàlẹ̀ gba mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Òkè gba mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún, wọ́n sì kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé àwọn ọmọ ibẹ̀ ní ẹ̀kọ́ ilé, pé wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún ara wọn lọ́nà tí a ò rí irú ẹ̀ níbòmíràn. Àwọn òbí fi ìka tọ ọ́, wọ́n mi orí.

Wọ́n ti Ìsàlẹ̀ pa. Àǹtí Ìsàlẹ̀, wọ́n mú un lọ sí ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́, ó ń to fọ́ọ̀mù níbẹ̀. Ogójì ọmọ ló lọ yan èyí tó kù. Mẹ́ta dáhùn ní géètì, àwọn tó kù ò tí ì gbó. Ìlú wa ti wá ní jẹ́lé-ó-sinmi tó dára jù lágbègbè yìí, kìkì pé àwọn ọmọ wa ò sí níbẹ̀.

Ọkọ mi wà lára wọn. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn náà ni Màdáámù Máàkì ti fà á lé mi lọ́wọ́, ó ní ilé-ìwé òun ò gba ọmọ tó ń dáhùn ìbéèrè tí wọn ò bi í. Lọ́dún tó kọjá, kò gbà á torí pé kò sọ̀rọ̀. Lọ́dún yìí, ó lé e torí pé ó sọ̀rọ̀. Mo kó abẹ́rẹ́ àti òwú mi, mo di ọwọ́ ọkọ mi mú, a lọ.

Ẹ̀gbẹ́ máṣíìnì mi ló ń jókòó sí báyìí, ó ń ṣa bọ́tìnnì. Ó ń sọ̀rọ̀. Ó ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀, ó ń bá onígbàjámọ̀ sọ̀rọ̀, ó ń kí bọ̀dá ẹ̀ tó bá ti ilé-ìwé dé. Lánàá, mo ń ṣẹ́tí aṣọ kan, ó dáwọ́ dúró, ó wo ẹnu mi títí.

"Ìyá àgbà, ṣé píìnì yẹn máa ń dùn yín ni?"

Mo yọ ọ́, mo ní rárá, ọkọ mi, kì í dùn mí.

"Kí ló wá dé tí ẹ ò sọ fún wọn?"

Èmi tí ẹnu mi kì í sinmi, mo mú píìnì náà, mo dá a padà sí àárín eyín, mo sì ń bá aṣọ lọ.